Ohun Tó Ń Mú Òkun Rìn, Lókè àti Nísàlẹ̀: Àgbéyẹ̀wò láti Ìdànrè

Ìdànrè kò bá òkun pààlà. Ẹni tó bá gun àkàsọ̀ dé orí òkè, níbi tí ìlú àtijọ́ wà, àpáta, igbó àti oko kòkó ni ojú rẹ̀ máa rí. Etí òkun tó wà lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ jìnnà ju 100 kìlómítà lọ sí gúúsù. Síbẹ̀, ọdọọdún ni òkun ń dá sí ọ̀rọ̀ oko Ìdànrè. Òjò á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta, á máa le bọ̀, á wá le jù ní oṣù Kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Lẹ́yìn náà, láàárín ìgbà òjò gan-an, á dáwọ́ dúró. Ojú ọ̀run á ṣú, oòrùn ò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ, ara á máa tutù, kùrukùru á bo orí àpáta láàárọ̀, ṣùgbọ́n òjò gidi ò ní rọ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àkókò yìí làwọn àgbẹ̀ ń sáré fín kòkó, torí pé oògùn tí òjò bá fọ̀ kúrò lára igi kò lè dá àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú dúró. Bí oṣù Kẹsàn-án bá wọlé, òjò á padà dé, ìkórè ńlá náà á sì máa sún mọ́lé.

Kí ló ń dá òjò dúró nígbà tó yẹ kó máa rọ̀? Ìdí rẹ̀ kò mọ ní ẹyọ kan. Lákọ̀ọ́kọ́, òjò ńlá ti ṣí lọ sókè ní àkókò náà, ó ti dé ilẹ̀ Hausa àti orílẹ̀-èdè Niger. Ìdí kejì wà nínú òkun: omi tó wà ní gúúsù wa ti tutù. Ní oṣù Kẹrin, ojú òkun nítòsí ìlà agbedeméjì ayé máa ń gbóná tó 28°C tàbí 29°C. Tó bá fi máa di oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ó ti lọ sílẹ̀ dé 24°C, ó tilẹ̀ lè kéré sí i láwọn ọdún mìíràn. Omi tó tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ rán ọ̀rinrin sókè bí omi tó gbóná, afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ kì í sì gbéra dáadáa láti di òjò. Omi tútù yìí, abẹ́ òkun ló ti ń jáde. Láti mọ bó ṣe ń jáde, àfi ká mọ bí omi òkun ṣe ń rìn lókè, ká sì mọ bó ṣe ń rìn nísàlẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa nílé-ìwé ni pé afẹ́fẹ́ ló ń ti omi òkè, ìwúwo ló ń rán ti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, á dà bíi pé òkun méjì ló wà, tí ọ̀kan gun èjìká èkejì, tí wọn kò sì mọ ara wọn. Èrò tèmi, lẹ́yìn tí mo ti wo ohun tí àwọn onímọ̀ ti ṣe láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, ni pé ọwọ́ afẹ́fẹ́ wà nínú ìrìn omi ìsàlẹ̀ ju bí wọ́n ti ń fi kọ́ ọmọ lọ, àti pé etí òkun tiwa yìí wà lára ibi tí ìyẹn ti hàn kedere jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Afẹ́fẹ́ tó bá ń fẹ́ lójú òkun á máa ha omi lára, á sì máa wọ́ ọ lọ. Omi òkè á wọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn á wọ́ ti abẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n agbára náà ń dín kù bó ti ń lọ sísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé tó bá ti tó nǹkan bí 100 mítà, afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lè wọ́ omi mọ́. Kì í ṣe ẹ̀fúùfù tó fẹ́ lónìí tó dákẹ́ lọ́la là ń wí. Àwọn afẹ́fẹ́ kan wà tí wọn kì í sinmi láti ọdún dé ọdún. Lápá àríwá àti lápá gúúsù ìlà agbedeméjì ayé, láti ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń fẹ́ wá sí ìwọ̀-oòrùn; ní ìhà Yúróòpù, àti ní òkun tó wà nísàlẹ̀ South Africa, òdì kejì ni wọ́n ń fẹ́. Oòrùn ló bí gbogbo wọn, nítorí ó ń mú àárín ayé gbóná ju ibi tí yìnyín wà lọ.

Ṣùgbọ́n omi kì í tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ ní gbọọrọ. Fridtjof Nansen, ará Norway, mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Fram há sínú yìnyín òkun àríwá láti 1893 títí di 1896, kí yìnyín lè máa gbé e lọ. Ó ṣàkíyèsí pé yìnyín náà kì í lọ síbi tí afẹ́fẹ́ dorí kọ. Ó máa ń yà sí ọwọ́ ọ̀tún afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n 20 sí 40 dígírì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Sweden kan, Vagn Walfrid Ekman, ló fi ìṣirò tú u, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1905. Yíyí tí ayé ń yí ló fà á. Ohunkóhun tó bá ń rìn jìnnà lórí ayé tó ń yí á máa yà sí ọ̀tún ní ìdajì ayé ti àríwá, á sì máa yà sí òsì ní ìdajì ti gúúsù. Coriolis, ará Faransé, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ láti 1835. Ekman fi hàn pé ìpele omi kọ̀ọ̀kan ń yà díẹ̀ sí i ju èyí tó wà lórí rẹ̀ lọ, tí a bá sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún afẹ́fẹ́ gan-an ni omi náà ń lọ ní ìdajì ayé tiwa. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ di èyí mú: afẹ́fẹ́ ń lọ síwájú, omi ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìdí nìyí tí omi fi ń kó jọ láàárín àwọn òkun ńlá. Afẹ́fẹ́ apá gúúsù ń tì í sí àríwá, ti apá àríwá ń tì í sí gúúsù, títí ojú òkun á fi ga ní àárín ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ ní nǹkan bíi mítà kan. Omi tó ga fẹ́ ṣàn lọ sí ibi tó rẹlẹ̀. Yíyí ayé ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí méjèèjì bá dọ́gba, omi kò ní lè ṣàn kúrò lórí òkìtì náà mọ́, àfi kó máa yí i po. Bí ìyípo ńlá inú òkun ṣe ń wáyé nìyẹn. Ní 1948, Henry Stommel, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìdí tí apá ìwọ̀-oòrùn ìyípo wọ̀nyí fi máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì máa ń yára. Agbára tó ń fa omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò dọ́gba káàkiri: òdo ni ní ìlà agbedeméjì, ó sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń sún mọ́ ṣóńṣó ayé níbi tí yìnyín wà. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìṣàn tí wọ́n ń pè ní Gulf Stream ṣe ń gbé nǹkan bí 30 mílíọ̀nù kúbíkì mítà omi kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan níwájú Florida, nígbà tí odò Amazon, tó tóbi jù láyé, kò ju nǹkan bí 200,000 lọ. Ní apá tiwa, níhà ìlà-oòrùn, ìṣàn tó fẹ̀, tó rọra, tó sì tutù ló máa ń wà: ọ̀kan ń bọ̀ láti Canary ní àríwá, èkejì ń bọ̀ láti Benguela ní gúúsù.

Láàárín àwọn méjèèjì ni Ìṣàn Guinea wà, ó sì ya àwọn awakọ̀ òkun ayé àtijọ́ lẹ́nu. Nígbà tí gbogbo omi tó yí i ká ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òun ń bọ̀ sí ìlà-oòrùn, ó ń gba iwájú Liberia, Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò àti Benin dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó bá le, láàárín ọdún, ó lè rìn tó mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Omi tí afẹ́fẹ́ ti lọ kó jọ sí ìhà Brazil ló ń padà bọ̀, ó ń gba àlàfo tí afẹ́fẹ́ ò ti fi bẹ́ẹ̀ lágbára láàárín afẹ́fẹ́ ńlá méjèèjì. Harald Sverdrup ló tú ìdí irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ ní 1947: kì í ṣe bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó nìkan ló ń darí omi, bí agbára rẹ̀ ṣe ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibì kejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìṣàn yìí wọ inú ìtàn wa ní ọ̀nà tó korò. Ọkọ̀ onígbòkun tó bá wá sí Ouidah tàbí Èkó, wíwá rẹ̀ rọrùn. Ìṣàn ló ń gbé e bọ̀. Ìpadàlọ ló nira, torí ìṣàn àti afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kó lè yíjú padà sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ọkọ̀ tó kó ẹrú níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, wọ́n á gba ìhà São Tomé àti Príncipe, títí wọ́n á fi bọ́ sínú ìṣàn tó ń lọ tààrà sí ìwọ̀-oòrùn lẹ́bàá ìlà agbedeméjì ayé. Ìṣàn yẹn àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló gbé wọn dé Bahia. Ìfẹ́ owó àti ìwà ìkà àwọn oníṣòwò ló kó àwọn èèyàn wa sínú ọkọ̀. Omi kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń béèrè bí ọ̀nà láti etí òkun wa sí Brazil ṣe di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà léraléra fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀, tí Yemọja fi ní ọjọ́ ọdún lójú òkun Salvador títí dòní, ìrìn omi òkun wà lára ìdáhùn.

Ní òkun tó wà ní gúúsù wa yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé, lórí ìlà agbedeméjì ayé, omi òkè lè máa lọ sí apá kan, kí ti abẹ́ rẹ̀ máa lọ sí òdì kejì. John Young Buchanan, ará Scotland, ti bá ọkọ̀ Challenger rìn yí òkun ayé ká láti 1872 sí 1876. Ní 1886, ó wà nínú ọkọ̀ Buccaneer tó ń wá ojú ọ̀nà fún wáyà tẹligíráàmù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n dé ìlà agbedeméjì ní gúúsù wa, ó rí i pé ní nǹkan bí 55 mítà sísàlẹ̀, omi ń sáré lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, nígbà tí ojú òkun ń rọra lọ síbòmíràn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ayé sì gbàgbé rẹ̀. Àfi ìgbà tí Townsend Cromwell rí irú rẹ̀ ní òkun Pacific ní 1952 ni wọ́n tó yíjú padà sí iṣẹ́ Buchanan.

Ó dùn mí pé ìròyìn yìí kì í sí nínú ohun tí à ń kọ́ ọmọ wa, nítorí òun gan-an ni ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà. Omi tí afẹ́fẹ́ tì lọ sí Brazil ti mú ojú òkun ibẹ̀ ga díẹ̀ ju tiwa lọ. Ní ìlà agbedeméjì, kò sí agbára tó ń fa omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà omi abẹ́, tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ́, kàn ń sáré padà ní gbọọrọ láti ibi gíga sí ibi tó rẹlẹ̀. Omi tútù ló ń gbé bọ̀, ìtòsí ojú òkun ló sì gbé e dé. Ó kù kí nǹkan kan ṣí ìdérí.

Afẹ́fẹ́ ló ń ṣí i. Láti oṣù Karùn-ún, afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti gúúsù-ìlà-oòrùn á le sí i. Ní apá àríwá ìlà agbedeméjì, omi á yà sí ọ̀tún rẹ̀. Ní apá gúúsù, á yà sí òsì. Omi òkè á wá pínyà lórí ìlà náà, ti abẹ́ á sì gòkè wá dí àlàfo. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ, omi tútù náà á gùn gbọọrọ lórí ìlà agbedeméjì láti ìtòsí Gabon lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn sátẹ́láìtì ń rí i dáadáa láti òkè. Bí òkun bá tutù báyìí tí ilẹ̀ Sahel sì gbóná, ìyàtọ̀ náà á ti afẹ́fẹ́ olójò wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà, òjò á bọ́ sí òkè, tiwa á dẹ̀.

Níwájú Gánà àti Côte d'Ivoire, omi tútù tún ń rú sókè lẹ́bàá etí òkun láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Àwọn apẹja ibẹ̀ kò nílò ìwé láti mọ̀ ọ́n. Omi abẹ́ ló ni oúnjẹ tí àwọn ewé tíntìntín inú òkun ń jẹ, àwọn ewé wọ̀nyí ni ẹja ṣáwá ń wá, ẹja ṣáwá ni ọkọ̀ apẹja ń wá. Síbẹ̀, ìdí tí omi náà fi ń rú sókè níbẹ̀ kò tíì yanjú pátápátá. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò le tó ohun tí a lè di gbogbo ẹrù yẹn lé lórí. Àwọn kan gbà pé ìgbì ńlá kan tó ń rìn lábẹ́ omi, tó gbéra láti ìhà Brazil lórí ìlà agbedeméjì, ló ń wá gbé omi tútù sókè nígbà tó bá kan etí òkun. Àwọn mìíràn ní Ìṣàn Guinea fúnra rẹ̀ ló ń fa omi abẹ́ jáde nígbà tó bá kọjá ṣóńṣó ilẹ̀ bíi Cape Palmas àti Cape Three Points. Lójú tèmi, a ò ní láti mú ọ̀kan sọ èkejì nù. Rírú sókè omi tútù níwájú Gánà àti Côte d'Ivoire ń ṣẹlẹ̀ ní ibi méjì tí wọ́n tẹ̀ lé ṣóńṣó ilẹ̀ méjèèjì yẹn, ìyẹn sì ń ti àlàyé kejì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀ bá ti omi ìlà agbedeméjì mu, ìyẹn sì wà lẹ́yìn àlàyé àkọ́kọ́.

Kùrukùru àti sánmà tó ń ṣú láìrọ̀jò ní Ìdànrè náà ti rí ẹni wádìí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje 2016, àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà àti Yúróòpù gbé ẹ̀rọ sí Kumasi ní Gánà, Savè ní Benin, àti Ilé-Ifẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní DACCIWA. Wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkun máa ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, a máa rìn wọ inú ilẹ̀ lóru, sánmà tó rẹlẹ̀ á sì dì láti inú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí yóò bo ojú oòrùn di ọ̀sán. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí Ìdànrè. Àgbẹ̀ tó bá jí ní oṣù Kẹjọ, tí kò rí orí àpáta, ọwọ́ òkun ló ń wò.

Ó wá ku omi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwádìí àkọ́kọ́ tó fi hàn pé ìsàlẹ̀ òkun ilẹ̀ olóoru tutù, inú ọkọ̀ òwò ẹrú ló ti wáyé, níwájú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Henry Ellis ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, Earl of Halifax ni wọ́n ń pe ọkọ̀. Lẹ́tà tó kọ jáde ní 1751. Ó so tẹmómítà mọ́ inú korobá tó ní ọmọrí, ó sì sọ ọ́ sínú òkun títí ó fi kọjá 1,000 mítà. Òkè gbóná tó nǹkan bí 29°C. Omi tó fà jáde kò ju nǹkan bí 12°C lọ. Ó kọ ọ́ pé omi náà wúlò fún òun láti fi wẹ̀ àti láti fi mú wáìnì òun tutù. Nǹkan bí ọdún márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Count Rumford ronú síwájú: oòrùn ibẹ̀ kò lè mú omi tutù bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi náà gbọ́dọ̀ ti rìn wá láti ìhà ṣóńṣó ayé.

Òótọ́ ló sọ. Ohun méjì ló ń mú omi òkun wúwo: òtútù àti iyọ̀. Ìwọ̀n iyọ̀ inú òkun jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù omi kan, ìyàtọ̀ gíráàmù kan tàbí méjì sì tó láti pinnu omi tó máa rì àti èyí tó máa wà lókè. Omi wa níhìn-ín kò lè rì. Oòrùn ń mú un gbóná, òjò àti omi odò Ọya, Volta àti Congo ń bu omi aláìníyọ̀ là á, ó sì fúyẹ́. Ibi tí omi ti ń rì kò pọ̀ láyé. Ní àríwá Atlantic, lẹ́bàá Greenland àti nínú òkun Labrador, omi tó ti gbé iyọ̀ láti ilẹ̀ olóoru dé ibẹ̀ á pàdé afẹ́fẹ́ òtútù ìgbà yìnyín. Á tutù, á sì bọ́ sísàlẹ̀ bí omi iyọ̀ tí a dà sínú ìkòkò omi lásán. Ní Antarctica, nínú òkun Weddell àti Ross, nígbà tí omi bá ń di yìnyín, kì í gbé iyọ̀ mọ́ra; omi tó kù lábẹ́ yìnyín á wá ní iyọ̀ púpọ̀, á tutù dé nǹkan bí −1.9°C, á sì máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lára ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Òun ni omi tó wúwo jù nínú òkun tó ṣí sílẹ̀.

Omi ìsàlẹ̀ yìí, tó bá ti rì tán, kì í kàn tú ká. Stommel tún fi ìṣirò sọ ní àwọn ọdún 1950 pé ó ní láti máa rọ̀ mọ́ apá ìwọ̀-oòrùn òkun. Ní 1957, John Swallow ará Gẹ̀ẹ́sì àti Valentine Worthington ará Amẹ́ríkà sọ ohun èlò tí wọ́n ti wọn ìwúwo rẹ̀ dáadáa sínú ibú níwájú South Carolina, wọ́n ń fi ohùn tó ń dún lára rẹ̀ tọpa rẹ̀, wọ́n sì bá ìṣàn náà lábẹ́ Gulf Stream, tó ń lọ sí gúúsù nígbà tí tòkè ń lọ sí àríwá. Inú mi máa ń dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò wọ́pọ̀ kí ìṣirò orí tábìlì kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú òkùnkùn ibú, kí ọkọ̀ wá lọ bá a níbẹ̀.

Báwo ni omi ìsàlẹ̀ tiwa ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa? Òkè ńlá kan wà lábẹ́ Atlantic tó pín in sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, òmíràn, Walvis, sì di ọ̀nà láti gúúsù ní ìhà Namibia. Omi Antarctica kò lè gba ibẹ̀ wá. Ibi tó ń gbà ni àwọn ọ̀gbun tó là òkè àárín òkun náà nítòsí ìlà agbedeméjì, pàápàá ọ̀gbun Romanche, tó jìn ju 7,000 mítà lọ. Orúkọ ọkọ̀ Faransé kan ni wọ́n fi pè é. Àwọn ará Jámánì tó wà nínú ọkọ̀ Meteor ní 1925 sí 1927 wà lára àwọn tó fi ìwọ̀n ooru àti iyọ̀ tọpa omi ibẹ̀. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ kúrò létí òkun Ìlàjẹ, tó lọ jìnnà títí ìsàlẹ̀ fi jìn ju 4,000 mítà lọ, tó sì fa omi ibẹ̀ jáde, á bá omi tó tutù tó nǹkan bí 2°C, tí apá kan nínú rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ yìnyín Antarctica wá, tó gba ihò Romanche kọjá.

Ìbéèrè tó le jù wá ni èyí: bí omi bá ń rì lójoojúmọ́, báwo ló ṣe ń gòkè padà? Johan Sandström, ará Sweden, ti sọ ní 1908 pé mímú omi gbóná lójú òkun níbì kan àti mímú un tutù lójú òkun níbòmíràn kò lè fi ara wọn gbé ìṣàn ńlá ró. Omi tútù tó bá ti kún ìsàlẹ̀ á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ní 1998, Walter Munk àti Carl Wunsch ṣe ìṣirò agbára tó ní láti máa pò òkun pọ̀ kí ìrìn náà má dúró, wọ́n sì tọ́ka sí orísun méjì: afẹ́fẹ́, àti òṣùpá tó ń fa omi wá tó ń fà á lọ. Ọwọ́ afẹ́fẹ́ tún hàn tààrà ju ìyẹn lọ ní òkun tó yí Antarctica ká. Kò sí ilẹ̀ tó dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ níbẹ̀, ó ń fẹ́ yí ayé po láìsinmi, ó ń ti omi òkè sí òsì rẹ̀, ìyẹn sí àríwá, omi ibú sì ń gòkè wá láti rọ́pò rẹ̀. Ohun kan náà tí Ekman rí nínú yìnyín Nansen, tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlà agbedeméjì lọ́dọ̀ wa, ló ń fa omi ìsàlẹ̀ òkun ayé jáde. Ìwúwo ń mú omi rì. Afẹ́fẹ́ àti òṣùpá ló ń jẹ́ kó rí àyè rì lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ nítorí Ayétòrò. Ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó létí òkun Ìlàjẹ ní 1947 ni, òkun sì ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi ẹ̀sùn kan ìṣàn òkun. Kì í ṣe òun. Ìgbì ló ń wó ilé. Ẹrẹ̀ ni etí òkun Mahin, kò ní iyanrìn tó lè gba ìgbì dúró, ilẹ̀ ń rì, wọ́n ti gbẹ́ odò àtọwọ́dá tó jẹ́ kí omi iyọ̀ wọlé, òkun ayé sì ń ga sí i. Àwọn tí ilé wọn ti lọ yẹ kí wọ́n rí ìrànlọ́wọ́ tó bá ìdí náà mu.

Ọ̀rọ̀ tó gba ayé kan báyìí ni bóyá ìrìn omi Atlantic ń rọ̀. Omi gbígbóná ń lọ sí àríwá lókè, omi tútù ń padà sí gúúsù nísàlẹ̀; láti 2004 ni wọ́n ti na okùn ẹ̀rọ ìwọ̀n láti ìhà Bahamas dé ìhà Morocco, tí wọ́n sì ń rí i pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 17 kúbíkì mítà ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 2009 sí 2010, ó já wálẹ̀ ní ìwọ̀n bí 30 nínú 100, ó sì tún gbéra padà. Yìnyín Greenland tó ń yọ́ ń bu omi aláìníyọ̀ sí ibi tí omi ti ń rì gan-an. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, IPCC, sọ ní 2021 pé ó ṣeé ṣe gidigidi pé ìrìn náà máa dín kù ní ọ̀rúndún yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìgbàgbọ́ tó mọ níwọ̀n pé kò ní dáwọ́ dúró lójijì ṣáájú 2100. Ní 2023, Peter àti Susanne Ditlevsen ní Denmark ní ó lè ṣẹlẹ̀ nígbàkigbà láàárín 2025 sí 2095. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà, torí pé ìwọ̀n ooru ojú òkun níbì kan ni wọ́n fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe ìrìn omi fúnra rẹ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Èmi fara mọ́ IPCC, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé a lè káwọ́ gbera.

Ìdí tí mi ò fi gbà wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun níwájú Cameroon. Ní 2007, Syee Weldeab àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ẹrẹ̀ tó ti kó jọ níbẹ̀ láti 155,000 ọdún. Nínú ìkarahun àwọn ẹ̀dá kékeré tó wà nínú rẹ̀, wọ́n rí bí omi odò tó ń wọ òkun ṣe ń pọ̀ tó ń dín kù. Léraléra, nígbà tí àríwá Atlantic bá tutù lójijì, òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń já wálẹ̀. Ìrìn omi yìí ló ń gbé ooru kọjá ìlà agbedeméjì sí àríwá, òun sì wà lára ohun tó ń mú kí òjò ńlá máa dúró sí ìhà àríwá ìlà náà, níbi tí à ń gbé.

Kí irú ìyípadà ńlá bẹ́ẹ̀ tó dé, nǹkan kékeré ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn. Ọdún mìíràn wà tí omi tútù ìlà agbedeméjì kì í jáde dáadáa. Ní 1984, òkun ibẹ̀ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún yẹn náà ni ọ̀dá burúkú mú Sahel. Lírú ọdún bẹ́ẹ̀, òjò lè má dẹ̀ létí òkun Guinea ní oṣù Keje àti Kẹjọ, àrùn kòkó á sì rí ọ̀rinrin tó ń fẹ́.

A lè rí i ṣáájú. Láti 1997 ni Brazil, Faransé àti Amẹ́ríkà ti ń jọ tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń léfòó nínú Atlantic ilẹ̀ olóoru, tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìsàlẹ̀. PIRATA ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ọ̀kan wà ní gúúsù Gánà, níbi tí ìlà agbedeméjì ti pàdé ìlà tó gba Greenwich. Wọ́n ń wọn ooru omi láti ojú òkun lọ sísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè rí àbọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnu ọ̀nà Ìdànrè, ẹ̀kọ́ WASCAL ń kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nípa ojú ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò lọ́dọọdún, ìdádúró òjò oṣù Keje àti Kẹjọ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni àsọtẹ́lẹ̀ yẹn ń jáde, oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà sì ni omi tútù ń fi ara rẹ̀ hàn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àwọn onímọ̀ Àkúrẹ́ máa wo àbọ̀ ẹ̀rọ ìlà agbedeméjì ní oṣù Kẹfà, kí wọ́n fi wé àkọsílẹ̀ òjò Ìdànrè ti àwọn ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí lórí rédíò ní èdè Yorùbá, kí àgbẹ̀ tó ra oògùn kòkó àti kó tó san owó fún àwọn tó máa bá a fín in.